Bí Mo Ṣe Lọ Dákẹ́ Ṣọdún l'Áyétòrò

Kí ẹ má baà rò pé ìfẹ́ Búdà ló gbé mi débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: owó ni mò ń sá fún. Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ìlaròó, gbogbo ẹni tó ń ti Èkó àti Kútọnu bọ̀ ló máa ń rántí pé ẹ̀gbọ́n wọn ni mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọdún o!" Ẹni tó bá dáhùn ti tọwọ́ bọ àpò nìyẹn.

Ibi tí mo ti ń wá ibi sá sí ni mo ti kà nípa S. N. Goenka, ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí sí Bọ́mà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn Íńdíà ní àṣàrò Búdà tí wọ́n ń pè ní Vipassana lọ́dún 1969. Ọjọ́ 10 gbáko ni wọ́n fi ń jókòó. Aago mẹ́rin ìdájí ni agogo ń jí wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ fojú sọ ọ́, kò gbọdọ̀ fọwọ́ júwe. Wọ́n á sì gba fóònù lọ́wọ́ ẹ. Níbi ti fóònù yẹn ni mo ti mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ì bá gba Entebbe lọ ní Uganda, níbi tí Bhante Buddharakkhita, ọmọ ilẹ̀ náà, ti dá ilé ẹ̀kọ́ Búdà sílẹ̀ lọ́dún 2005. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún ìnáwó kì í wọ bàálù. Ilé àbúrò bàbá mi tó ṣófo l'Áyétòrò ni mo fọkàn sí. Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó wò mí títí. "Bàbá ìbejì, ẹ fi owó ọdún àwọn ọmọ sílẹ̀ ná, kí ẹ tó máa lọ ṣàṣàrò."

Orí tìmùtìmù ni àwọn tó ń ṣàṣàrò ń jókòó lé. Mo bá ki òwú àràbà sínú àpò ìrẹsì, mo rán an lẹ́nu. Ẹ gbà mí! Lójú ọ̀nà ẹnubodè tiwa yìí, àpò ìrẹsì kì í kọjá kí wọ́n má bi í léèrè orúkọ bàbá ẹ̀. Èmi sì ti bẹ̀rẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ láti inú ọkọ̀.

Àwọn aṣọ́bodè dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, kí lẹ dì síbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ère Búdà. Ó tún béèrè, mo tún rẹ́rìn-ín. Dẹ́rẹ́bà ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, adití ni wọ́n." Ọkùnrin náà fẹnu lé etí mi: "ÌRẸSÌ KÚTỌNU NI?" Ó bá fọ̀bẹ tú ẹnu àpò. Ọyẹ́ ń fẹ́. Kí a tó ṣẹ́jú, òwú ti gba ọkọ̀ kan, gbogbo wa ń sín, ìyá ẹlẹ́ran yìnyín kan tó jókòó tì mí ti hewú lójijì. Nígbà tí àwọn èrò ọkọ̀ sì ti gbà pé mi ò gbọ́ràn, wọ́n bú mi dé Ayétòrò, wọ́n bú mi débi tó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ní Japan, ìgbà 108 ni wọ́n ń lu agogo tẹ́ńpìlì Búdà lálẹ́ àìsùn ọdún, wọ́n ní iye ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tó ń da ọmọ aráyé láàmú nìyẹn. L'Áyétòrò, bángà ni wọ́n ń yìn, kò sì sẹ́ni tó ń kà á. Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tèmi kò ju ẹyọ kan lọ: òórùn ẹran díndín láti ilé kejì. Òfin Búdà ní kí n má pa ohun ẹlẹ́mìí, àwọn ẹ̀fọn sì ti gbọ́.

Mo ká ẹsẹ̀ kò, mo di ojú. Màmá ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. "O kú ọdún o, ọmọ mi." Mo dákẹ́. "Ọdún á yabo o." Mo dákẹ́. Àgbà ló kọ́kọ́ kí mi, ẹ̀ẹ̀mejì! Ta ni ò ní rò pé mo ti kú? Màmá figbe ta.

Àwọn aládùúrà aláṣọ funfun tó ń lọ fún àìsùn ló ya wọlé. Mo fẹ́ dìde kí n bẹ̀ wọ́n, àmọ́ ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti kú. Mo ṣubú lulẹ̀ gbì. "Rọpárọsẹ̀!" Wọ́n da òróró sí mi lórí, wọ́n lu agogo yí mi ká, ó ju 108 lọ dáadáa. Ẹnìkan yọrí láàárín wọn, òwú ṣì wà nínú irun ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ran ni! "Adití ni! Èmi àti ẹ̀ la jọ wọkọ̀!" Wọ́n bá tún kọjú àdúrà sí etí.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe padà sẹ́sẹ̀ mi, tó ń ta mí jọ̀wìjọ̀wì, mo fò sókè, mo ké, "Yéè! Mo ń gbọ́!" Halelúyà gba àdúgbò.

Ta ló máa wá sọ pé irọ́ ni? Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú ọdún ni wọ́n fi ìdúpẹ́ mi sí. Ìyàwó mi kó àwọn ìbejì wá, ó kó gbogbo àwọn àbúrò tí mo sá fún mọ́ wọn. Mo pa ewúrẹ́, mo ra mínírà, mo di àpò ìwé owó méjì. A jó dé iwájú pẹpẹ, wọ́n gbé máíkì fún mi. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí Goenka, ni ìyá ẹlẹ́ran bá fẹnu lé etí mi, ó sì lọgun bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀:

"BÙỌ̀DÁ, Ẹ MÁ GBÀGBÉ OWÓ ÌFỌṢỌ MI O!"