Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Díbọ́n n'Ífẹ̀

Ìwọ òmùgọ̀ Òkè-Ògbò! Wọ́n ní o fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìdíbọ́n. Ìlú tó yẹ lo wà.

Kọ́kọ́ wá aṣọ. Àwọn Ìgbò tó ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú láyé ìgbà Mọrèmi akọni obìnrin Ifẹ̀ (kì í ṣe ti Enugu o, má lọ bá aládùúgbò rẹ jà) fi ìko bora látorí dé ẹsẹ̀, àwọn ará ìlú sì rò pé ará ọ̀run ló dé. Ẹsẹ̀ wọn kò balẹ̀ mọ́. Ìwọ náà wá ìko. Má bèèrè bóyá ìko ń gbaná. Ojúlówó òmùgọ̀ kì í bèèrè.

Bí o bá wá rí arẹwà kan bíi Mọrèmi mú lẹ́rú, tí ara rẹ̀ tètè mọlé, fi ṣaya. Sọ gbogbo àṣírí fún un kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwọ ń díbọ́n ẹbọra, òun ń díbọ́n ìyàwó. Ọjọ́ tí àwọn Ifẹ̀ bá gbé ògùṣọ̀ pàdé rẹ lo máa mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Títí dòní ni wọ́n ń fi ọdún Ẹdì rántí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀jẹ́ tí Mọrèmi jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìnrìn kò ní ìdíbọ́n nínú: Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló fi san án. Fo ibí yìí bí o bá ń kàwé.

Àbí ayédèrú lo fẹ́ rọ? Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí ère idẹ tí wọ́n ń pè ní Orí Ọlọ́kun n'Ífẹ̀. Ní 1949, àwọn ọ̀mọ̀ràn London ní ẹ̀dà lásán ni èyí tó wà n'Ífẹ̀. Àwọn mìíràn ti ta kò wọ́n. Bí o bá lè rọ ohun tó lè dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, o ti kúrò lómùgọ̀, gbé ìwé mi sílẹ̀.

Ìdíbọ́n tó wúlò wà ṣá. Àwọn agbẹ̀bí ń fi ère rọ́bà kọ́ṣẹ́. Awakọ̀ òfuurufú á wọnú ẹ̀rọ tó dà bí iwájú bàálù, ẹ́ńjìnnì á kú, bàálù á já, òun á sì jáde lọ mu tíì. Ikú ibẹ̀ nìkan ni ayédèrú.

Ìwọ tí o fi eré orí fóònù kọ́ mọ́tò, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tún un bẹ̀rẹ̀. Dá kọ́kọ́rọ́ bàbá rẹ padà.