Erin Dúró, Ìrẹ̀ Kọjá ní Oko Ọba

Àwọn baba wa ní a kì í gbé ẹran erin lórí ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Ọdẹ tó pa àjànàkú, tí ẹran kún orí rẹ̀ tí ọrùn ń wọlé, tó tún wá ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tú ihò ìrẹ̀ lójú ọ̀nà oko, wọ́n ní olójúkòkòrò ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba kò sọ ohun tí a ó pe ẹni tó gbé erin lórí, tí erin ọ̀hún kò ṣeé jẹ, tí kò ṣeé tà, tó jẹ́ pé erin gan-an ló ń jẹ ẹni tó rù ú. Wọn kò mọ̀ pé irú rẹ̀ ń bọ̀.

Ẹ wá sí Oko Ọba, ní Agége, ẹ ó rí i.

Ọ̀gá kan wà tí màá pè ní Agbérin. Irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa, kò sì yẹ kí n fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo gba oyè tó tọ́ sí gbogbo wọn. Ọ̀gá Agbérin ti lé ní 50 ọdún, ó ti kọ́lé, ó ti fi ọmọ fọ́kọ. Lálẹ́, ó máa ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń gun alùpùpù ńláńlá gba etí òkun kọjá, tí irùngbọ̀n wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ló bá ra Honda Gold Wing tòkunbọ̀ kan.

Ẹni tí kò bá mọ Gold Wing, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀. Ọdún 1974 ni Honda kọ́kọ́ fi í han aráyé, ọ̀nà jíjìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Èyí tí Ọ̀gá Agbérin rà ní sílíńdà mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lé ní 1,800 cc, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 400 kìlógíráàmù. Ẹ kó Bajaj Boxer mẹ́ta jọ sórí ìwọ̀n, wọn kò ní wúwo tó o. Ó ní rédíò. Ó ní jíà tí a fi ń padà sẹ́yìn, nítorí kò sí ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn tó lè tì í. Àwọn kan lára wọn tún ní ìjókòó tó ń mú ara yá nígbà òtútù. Mo tún un sọ: ìjókòó tó ń mú ìdí gbóná, ní Agége, nínú oṣù Ẹrẹ́nà.

Ọjọ́ Àìkú ni ogo Ọ̀gá Agbérin máa ń yọ. Láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ẹlẹ́ṣìn ìgbàgbọ́ tó jáde, ó ti wọ aṣọ awọ dúdú, ó ti dé akoto, ó ti ta ẹ́ńjìnnì jí, gbogbo òpópónà ti mọ̀. Àwọn ọmọdé á sáré jáde, wọ́n á máa pariwo, "Páwà báìkì! Páwà báìkì!" Máìgádì ẹnu ọ̀nà ẹ́síteètì á gbá sàlúù. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò bá wọn pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀. Èmi á wọ ọkọ̀ èrò."

Lọ́jọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní òpópónà Ọba Ákran ní Ikẹjà, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Kó tó jáde ní Oko Ọba, ó gbọ́dọ̀ gba iwájú odò ẹran kọjá, ẹni tó bá sì mọ odò ẹran Oko Ọba mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ara rẹ̀ pọ̀. Màlúù ń wọlé nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹran ń jáde, onípọ̀nmọ́ ń fa ti ẹ̀ gba àárín, dánfó dúró sójú títì ó ń gbé èrò, omi aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọlọ́kadà kan ń bọ̀ lórí Boxer tí àwọ̀ ti bó lára rẹ̀. Ìtan màlúù kan wà níwájú rẹ̀ lórí táǹkì, òmíràn wà lẹ́yìn nínú tapólì tí okùn rọ́bà so pọ̀, pátákó ẹsẹ̀ màlúù yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Alápatà kan tó wọ bàtà òjò jókòó sórí ẹran ọ̀hún, ó di ọ̀bẹ mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń fi ọwọ́ òsì pe fóònù. Wọ́n tẹ̀ sápá ọ̀tún, wọ́n tẹ̀ sápá òsì, wọ́n gba àárín dánfó méjì tí èmi ò rò pé adìẹ lè gbà, wọ́n lọ. Ìjọba ti ní kí wọ́n máa fi ọkọ̀ tó ní yìnyín gbé ẹran, ìjọba kò sì jayò pa. Nítorí eruku àti eṣinṣin, èmi náà kò ní ra ìtan yẹn. Ṣùgbọ́n ó kọjá.

Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí", bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wí. Ti Ọ̀gá Agbérin kò kọjá rárá. Ó dúró sẹ́yìn dánfó, apá rẹ̀ fẹ̀ ju àlàfo lọ, ooru ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà ń fẹ́ sí i nítan, rédíò ń kọrin. Ní Oko Ọba, ìrẹ̀ ló gbé ẹran lọ. Erin ló wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú omi aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn, erin fì sápá òsì, ó sì dùbúlẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹni tí Boxer bá ṣubú lé lọ́wọ́ á bú u, á fà á dìde, á lọ. Gold Wing kò gba bíbú, kò sì gba fífà. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló yọ láti inú odò ẹran. "Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ yín sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká ràn yín lọ́wọ́!" Wọ́n gbé e, wọ́n nù ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró, tí wọ́n ń wò ó. "Ọ̀gá wa, iṣẹ́ ti parí o. Ẹ wá nǹkan fún àwa ọmọ yín." Owó tó fún wọn tó owó ọ̀kadà lọ sí Sángò, kó tún kù.

Ti epo wá ńkọ́? Táǹkì rẹ̀ ń gba lítà 25. Títí di oṣù Èbìbí 2023, tí lítà kan kò tíì tó ₦200, ₦5,000 tó láti bọ́ erin yó. Ààrẹ Tinubu gorí àléfà ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Nígbà tó fi di oṣù Ọ̀wàrà 2024, lítà kan ti ń lọ sí ₦1,000 l'Ékòó, oúnjẹ erin sì di nǹkan bíi ₦25,000. Táyà rẹ̀ dà? Òkè òkun ni. Dunlop tó ń ṣe táyà ní Ikẹjà níbí ti dá a dúró láti nǹkan bí 2008. Ẹni tó bá ń wá táyà ẹ̀yìn erin ní láti ní ẹbí nílùú òyìnbó.

Ti mẹkáníìkì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe lábẹ́ igi. Ọmọkùnrin náà yí i po, ó họrí. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá mi. Mo ti tú Jincheng, mo ti tú Bajaj, mo ti tú jẹnẹrétọ̀ pásítọ̀. Èyí tó ní sílíńdà mẹ́fà yìí, mọ́tò ni. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ́tò." Onímọ́tò náà wò ó. "Táyà méjì ló ní, ọ̀kadà ni. Ẹ gbé e padà síbi tí ẹ ti gbé e wá." Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra alùpùpù ńlá. Ọ̀nà jíjìn wà fún ẹni tó bá fẹ́ rin ín. Kúnlé Adéyanjú gbéra láti Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Igbe 2022, ó gun alùpùpù gba aṣálẹ̀ Sàhárà wọ Èkó lẹ́yìn 41 ọjọ́, nítorí kí àrùn rọpárọsẹ̀ lè kásẹ̀ nílẹ̀. Ìrìn àjò tó lé ní 12,000 kìlómítà nìyẹn. Kí ni ti Ọ̀gá Agbérin? Láti Oko Ọba dé Ọba Ákran, ẹni tó bá mọ ẹsẹ̀ rìn á rìn ín.

Ohun tó sì yẹ kó yà á lẹ́nu ni pé àwọn tó ṣe erin kò sọ ara wọn di agbérin. Honda tó ń ta Gold Wing náà ló gbé Super Cub jáde ní 1958, alùpùpù kékeré irú èyí tí àwọn tíṣà wa fi ń lọ sí ilé ìwé nígbà kan. Ní 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀ ti pé 100 mílíọ̀nù. Nítòsí wa ní Ọ̀tà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń to alùpùpù, kékeré sì ni wọ́n ń tò. Ẹ̀yin baba wa, ẹ dárí jì wá: àwọn ará Japan yìí gbé ẹran erin lórí, wọ́n ń fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀, ìrẹ̀ ló sì là wọ́n. Kódà nígbà tí wọ́n máa tún Gold Wing ṣe fún ọdún 2018, nǹkan bíi 40 kìlógíráàmù ni wọ́n gé kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bí erin mọ̀ pé ó sanra jù.

Orúnkún ló gba Ọ̀gá Agbérin nímọ̀ràn níkẹyìn. Owó àjọ jáde, ó fi ra Boxer tuntun. Gold Wing wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé, nítorí gbogbo ẹni tó wá wò ó ló yà fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ tán tó sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọlẹ̀, ó ń tètè débi iṣẹ́, ó ń jẹun ọ̀sán látinú owó epo.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n kí i kú oríire? Máìgádì tó ń gbá sàlúù ló kọ́kọ́ dá a dúró: "Ọlọ́kadà! Ta lo wá gbé?" Obìnrin kan ní ìyànà Pẹ́ẹ̀nì Sinimá ti fi ẹsẹ̀ kan lé e lẹ́yìn kó tó bèèrè iye tó ń gbà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn alàgbà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kó má bara jẹ́, Olúwa tó gbà á yóò dá a padà. Ó ní òun fúnra òun lòun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n sì fi kún àdúrà. Ẹni tó bá rù ú tí ọrùn rẹ̀ ń kán, wọ́n á ní ó ríṣe. Ẹni tó bá sọ̀ ọ́, wọ́n á ní ayé ti bà jẹ́ fún un.

Ìjọba náà kò gbẹ́yìn. Òfin ìrìnnà tí Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí ní oṣù Ògún 2012 lé alùpùpù kúrò ní ọ̀nà 475 l'Ékòó, ṣùgbọ́n ó yọ èyí tó bá tó 200 cc sẹ́yìn. Ìyẹn ni pé erin lè gba títì, ìrẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà á. Àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀kadà orí fóònù bíi Gokada, Max àti ORide gbọ́ ọ, wọ́n wá alùpùpù 200 cc fún àwọn ọlọ́kadà wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé 2020, Gómìnà Sanwó-Olú gbá tọlọ́kadà àti tàwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí lọ ní Ikẹjà àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdu 2022, wọ́n tún lé wọn kúrò níbẹ̀. Agége kò sí nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ, Ikẹjà wà níbẹ̀. Títì Agége Motor Road àti ti Abẹ́òkúta sì wà lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n ti fi òfin dè é.

Ẹ wá wo Ọ̀gá Agbérin báyìí. Nígbà tó gun ohun tó wúwo tó 400 kìlógíráàmù, tí kò lè gbé dúró fúnra rẹ̀, òfin 2012 ní kò burú, kó máa lọ. Ó wá gun èyí tó káwọ́ rẹ̀, ó di arúfin lójú títì. Mi ò sọ pé ọ̀kadà kì í ṣe èèyàn léṣe. Ẹni tó bá ti ṣe ìbẹ̀wò sí ọsibítù Ìgbòbí rí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n eré àsápajúdé àti ọwọ́ òdì ló ń kó èèyàn lọ síbẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ẹ́ńjìnnì tóbi tàbí ó kéré.

Ẹ̀yin aṣòfin wa ní Aláùsá, ẹ kò jìnnà sí wa. Nígbà tí ẹ bá tún ṣí òfin yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ẹni tó wà lórí ìjókòó, ẹ wo akoto rẹ̀, ẹ wo bíréèkì rẹ̀, kí ẹ sì yọ 200 cc yẹn kúrò níbẹ̀.