Ọ̀gá Ó-Hàn-Gbangba

Ẹ ó bá a nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn, ní Ìjàn-Èkìtì tàbí ní Adó, níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Kì í rà. Ẹgbẹ́ akàwé-lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn yòókù á ka àkọlé, wọ́n á bú gómìnà, wọ́n á yẹ ojú ewé bọ́ọ̀lù wò, wọ́n á bá tiwọn lọ. Òun ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ló máa ń ṣí lọ tààrà, níbi tí kírọ́sìwọ́ọ̀dù wà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, bírò pupa ṣì wà lápò ẹ̀wù rẹ̀, kò sì sí ìwé ọmọ kankan tó kù fún un láti máàkì mọ́, àfi tàwa.

Èkìtì kún fún irú wọn. Ilẹ̀ ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa, a kì í sì í jẹ́ kí àlejò gbàgbé. Ilé tí kò bá ní pùrọ̀fẹ́sọ̀, dandan ni kó ní ẹnì kan tó ń wúkọ́ bíi pùrọ̀fẹ́sọ̀.

Kírọ́sìwọ́ọ̀dù inú ìwé ìròyìn tiwa kò tó o. “Ti jẹ́léósinmi nìyẹn.” Èyí tó gbà ní ọmọlúàbí ni irú ti London, èyí tí àdììtú wà nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún ló fi odidi ìwé kan ránṣẹ́ sí i, abíyá ló sì ń há a sí kiri. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àdììtú náà ṣe ń rí, nítorí bí ẹ bá dúró dè é, kò ní yé yín láé. Ọ̀nà méjì ló wọnú ilé kan náà. Apá kan gbólóhùn náà ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí a ń wá, apá kejì ń fi eré kọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ní lẹ́tà ní lẹ́tà, wọn ò sì ní sọ ibi tí apá kan pin sí fún ọ. Mo hun ọ̀kan fúnra mi: Listen carelessly, without a sound, lẹ́tà mẹ́fà. Ẹni tó bá kà á ṣákálá á rò pé wọ́n ń bá ọmọ aláìgbọràn wí ni. Rárá o. Carelessly ló ń pàṣẹ pé kí o fọ́n lẹ́tà inú listen ká bí ẹni fọ́n àgbàdo fádìyẹ. Tún wọn tò, silent ló jáde, kí sì ni silent bí kò ṣe ohun tí kò ní ìró?

Ó dùn. N kò ní purọ́, ó dùn. Ìṣẹ́jú kan péré tí ojú ń là lójijì, tí èèyàn ń rẹ́rìn-ín òun nìkan bíi wèrè, ibẹ̀ ni gbogbo adùn rẹ̀ wà. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ọ̀gá yìí ń jí mọ́ wa lọ́wọ́.

Ó mọ ìtàn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún un níyẹn. Á sọ fún yín pé Arthur Wynne ló gbé èyí àkọ́kọ́ jáde nínú New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, 1913, bí ẹni pé òun ló gbé ìwé náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Á dé orí Edward Powys Mathers, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti Observer ní 1926, tó sì mú orúkọ Torquemada, ọ̀gá àwọn tó ń fìyà jẹ èèyàn nítorí ẹ̀sìn ní Spéènì láyé ọjọ́un. Nígbà tó kú ní 1939, Macnutt tó rọ́pò rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Ximenes, orúkọ ẹni tóun náà jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìyà kan náà. Ó kéré tán, àwọn yẹn fi iṣẹ́ wọn jẹ́ orúkọ. Ṣùgbọ́n ìtàn tó fẹ́ràn jù ni ti oṣù kìíní 1942, nígbà tí Daily Telegraph pe àwọn èèyàn jọ pé kí wọ́n yanjú kírọ́sìwọ́ọ̀dù kan láàárín ìṣẹ́jú 12, tí wọ́n sì pe àwọn kan nínú wọn lọ sí Bletchley Park láti máa tú àṣírí ọ̀rọ̀ ogun Jámánì. Tó bá dé ibẹ̀, “a” ló máa ń lò. “A tú àṣírí Hitler.” Lọ́dún náà, wọn ò tíì bí i.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú. Gbólóhùn kan ló wà lẹ́nu rẹ̀: “Ó hàn gbangba!” Á rọra fa “ó hàn” wálẹ̀, á wá lu “gbangba” bí ẹni lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í sọ ọ́ kí ìdáhùn tó jáde. Ẹ bi í lónìí pé, “Ọ̀gá, kí ni ẹlẹ́kẹta yìí?” Á wo sánmà. Á bọ́ awò ojú, á fi etí ẹ̀wù nù ún, á gbé e padà, á tún bọ́ ọ. Á wá ní, “Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ná. N kò fẹ́ bà á jẹ́ fún yín.” Bí ọmọ Pólì kan tó ń dúró de mọ́tò bá sọ ìdáhùn, kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, á kàn ṣe “hùn-ún”, ohùn tó bá ọ̀tún mu tó bá òsì mu. Ó di ọjọ́ kejì tí ìdáhùn wà nínú ìwé. Ó hàn gbangba! Wò ó, nǹkan tó ń jẹ́ báyìí ló dúró fún báyìí, èyí yí padà, èyí wọnú ìyẹn, ṣé ẹ ò rí i ni? Ogún ìṣẹ́jú. Mọ́tò ti gbé ọmọ Pólì lọ.

Nígbà kan, ìwé ìròyìn kan ṣèèṣì tẹ ìdáhùn ti ọ̀sẹ̀ mìíràn sábẹ́ ti ọjọ́ náà. Ọ̀gá kò fura. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló tú wọn palẹ̀ fún wa, ó fi bírò pupa fa ìlà, ó so àdììtú aṣọ mọ́ ìdáhùn ẹja, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbangba ni gbogbo rẹ̀ hàn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n tẹ èyí tó tọ́. Ìyẹn náà hàn gbangba.

Mo sì ti rí ìwé London yẹn. Iwájú rẹ̀ mọ́ bí aṣọ ìgbéyàwó. Ẹ̀yìn, níbi tí ìdáhùn wà, ti dúdú, ọwọ́ ti nà án títí ó fi ń dán.

Òun nìkan kọ́, ìran rẹ̀ pọ̀. Lọ sídìí tẹ́tẹ́ Baba Ìjẹ̀bú ní ìrọ̀lẹ́. Nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú 90. Pé kí èèyàn mú méjì kí méjèèjì wọlé, ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400 ni. Kí nọ́ńbà tó jáde, gbogbo wọn dákẹ́ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Tó bá ti jáde, “Mo mọ̀! Ọjọ́ òní ló yí padà di 21!” Ìwọ tó mọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ dà? Wòlíì tó rí ikú lẹ́yìn ìsìnkú, aláyẹ̀wò òṣèlú tó mọ ẹni tó máa wọlé lẹ́yìn tí INEC ti kéde, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. N kò fẹ́ràn wọn. Kí n sọ tòótọ́, mo kórìíra wọn.

“Yorùbá ò lè ṣe irú èyí,” ló tún máa ń wí, “ọpọlọ òyìnbó ni.” Bàbá tó ti jẹ iyán lábẹ́ àlọ́ àpamọ̀! Ní 1885 ni míṣọ́nnárì Gollmer ti kọ̀wé nípa àrokò sínú ìwé àwọn onímọ̀ ní London. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n fi ránṣẹ́ séèyàn, kí ni bí kò ṣe ẹ̀fà tó ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ? Mẹ́jọ ńkọ́? Ẹ̀jọ: a jọ ara wa. Kò sí bírò pupa níbẹ̀, ẹni tí wọ́n rán sí gbọ́dọ̀ tú u fúnra rẹ̀, kò sí ojú ewé ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń kiri àkàrà dúró gbọ́ àlàyé rẹ̀ títí ó fi sú u.

“Bàbá, ààlọ́ o.”

“Ààlọ̀.”

“Ó ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó di aṣọ àkàrà nírọ̀lẹ́.”

Ọ̀gá wo sánmà. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún.

“Lẹ́tà mélòó ni?”

Ọmọ náà kò fèsì. Ó gba ìwé ìròyìn àná tó dì mú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya ojú ewé kírọ́sìwọ́ọ̀dù kúrò, ó fi wé àkàrà mẹ́ta fún un, ó sì na ọwọ́ gba owó.

“Ó hàn gbangba!” ni ọ̀gá wí. Ó yọ bírò pupa, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì pẹ̀lú àkàrà nínú rẹ̀, ó fẹ́ fa ìlà àkọ́kọ́. Bírò kò kọ lórí epo.