Òjò Òmù-Àrán Kì í Wo Ojú Ará Lọ́ńdọ̀nù

Òjò Lọ́ńdọ̀nù kì í jà, ẹjọ́ ló máa ń rò. Á bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á máa kùn títí di Ọjọ́bọ̀, síbẹ̀ gbogbo èyí tó ń rọ̀ lọ́dún kò ju nǹkan bíi 600 mìlímítà lọ. Tiwa ní Òmù-Àrán nílẹ̀ Ìgbómìnà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Kì í ro ẹjọ́ kankan. Ìjì ni yóò kọ́kọ́ rán wá láti ìhà ìlà-oòrùn, kí ó bá a wo bí ilé ṣe le tó, kí òun fúnra rẹ̀ tó fi ẹ̀gbẹ́ kọlu fèrèsé.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí omi bá wà lójú fèrèsé, ìwọ tó ń gbé ilé ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí mo ké sí ẹni tó ń bójú tó ilé tí mo háyà, ó wo ògiri, ó wo èmi náà, ó ní a ti ń mí jù nínú ilé. Èémí tí mo gbé kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú láìsan owó ẹrù! Ó tún tọ́ka sí ìkòkò ẹ̀gúsí àti ṣòkòtò tí mo sá sínú yàrá. Ká sòótọ́, kò purọ́ tán: ọ̀rinrin inú ilé máa ń di omi lára gíláàsì tútù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú yàrá ni omi ti wá tàbí inú ògiri, ẹ nu ògiri gbẹ, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá mọ́ ọn yíká, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí omi bá wà lójú ọ̀rá tó kọjú sí yàrá, èémí yín àti ọbẹ̀ yín ni. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ògiri ló ń fa omi, kí onílé lọ wá owó.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2002, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé ilé ní Ìńgílándì gbọ́dọ̀ lo oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn bíi FENSA, tàbí kó gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó ṣe fèrèsé ilé tí mo kọ́ sí Òmù-Àrán, òun náà ni MC ní ọjọ́ Sátidé.

Ilé tí bàbá mi kọ́, páànù rẹ̀ yọ síta kọjá ògiri dáadáa, fèrèsé onípákó kéékèèké ló ní, omi kò sì gba ibẹ̀ wọlé rí. Àwa ará òkèèrè la rí ilé tí kò fi òrùlé hàn lórí Instagram, irú rẹ̀ ni mo sì ní kí wọ́n kọ́ fún mi. Wọ́n mọ ògiri sókè bo páànù, ojú ilé ń dán, kò wá sí etí òrùlé tí yóò gba òjò dúró fún fèrèsé. Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì dá tí ìyá mi fi pè mí: "Ilé rẹ ti ń wẹ̀ o. Ṣé kí n bá a wá ọṣẹ àti kànìnkànìn?"

Àwọn ère òkúta Èsìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà wa níbí, lé ní 1,000. Abẹ́ irú òjò yìí kan náà ni wọ́n jókòó sí nínú igbó fún ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n tó dá mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún wọn ní 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀kankan nínú wọn kò bèèrè owó sílíkọ́ọ̀nù tí a fi ń dí àlàfo fèrèsé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ odindi òkúta kan ni a fi gbẹ́ ère kọ̀ọ̀kan; kò ní oríkèé. Ilé ló ní ibi tí símẹ́ǹtì ti pàdé irin, ibẹ̀ sì ni omi ń wá kiri.

Sílíkọ́ọ̀nù ni Panadol àwọn oníṣẹ́ àlùmíníọ̀mù wa. Ọ̀gá fi funfun lẹ̀ ẹ́, omi wọlé. Ó fi dúdú lé funfun, omi tún wọlé. Mo wá ní kí àbúrò mi gbé fóònù sún mọ́ ìsàlẹ̀ fèrèsé. Fèrèsé tí a ń tì sọ́tùn-ún sósì yìí, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń gba omi òjò. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àwọn ihò kéékèèké tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta ni omi náà ń bá jáde. Ọ̀gá ti fi sílíkọ́ọ̀nù dí gbogbo wọn pinpin. Ó ní, "Alàgbà, ihò yẹn náà ni omi ń gbà wọlé." Omi kò rọ́nà lọ síta mọ́, ó kún, ó yà sí pálọ̀.

A kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ìyá mi gbé àga sí pálọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, àbúrò mi di rọ́bà omi mú níta. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi wọ́n fèrèsé, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́, òkè ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, omi á ṣàn dé ibi gbogbo, gbogbo ibẹ̀ á sì jẹ̀bi. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣì wà tí màmá fi pariwo pé, "Ó ti dé!" Yàtọ̀ sí ihò tó dí, símẹ́ǹtì abẹ́ fèrèsé dagẹ̀rẹ́ sínú ilé dípò ìta.

Wọ́n fi ìṣó ṣí ihò. Bíríkìlà fọ́ símẹ́ǹtì yẹn, ó tún un rẹ́ kó dagẹ̀rẹ́ síta, kó yọ kọjá ògiri, ó sì fa ìlà kan sábẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa kán sílẹ̀ níbẹ̀. Lórí fèrèsé, ó da kọnkéré pẹlẹbẹ tó yọ síta. Wọ́n ha sílíkọ́ọ̀nù àtijọ́ kúrò pátápátá, torí tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́, wọ́n sì fi tuntun sí àárín irin àti ògiri nìkan, nígbà tí ibẹ̀ gbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé láti òkèèrè, bí wọ́n bá tún ní kí ẹ fi owó sílíkọ́ọ̀nù ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi fídíò ihò ìsàlẹ̀ fèrèsé hàn yín.