Oyin Inú Àpáta Renfrew

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí olówó, àgàgà olówó tó fẹ́ràn eré ìdárayá. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí òun ṣáà máa ra àáké.

M. J. O'Brien ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó fi òwe náà ṣèwà hù. Fàdákà tí wọ́n ń wà ní ìlú Cobalt àti iṣẹ́ ojú irin rélùwéè ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ ní Renfrew, ìlú kékeré kan ní Ontario, ní Kánádà, tó jẹ́ pé bọ́tà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Òun àti Ambrose ọmọ rẹ̀ pinnu pé ife Stanley, ife tó ga jù nínú họ́kì orí yìnyín, gbọ́dọ̀ wá gbé ibẹ̀. Àwọn tó ni líìgì ní àwọn ò gba ará oko. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní December 1909, Ambrose àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá líìgì mìíràn sílẹ̀ ní Montreal, mẹ́rin nínú àwọn ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń jẹun lápò àwọn O'Brien. Ẹni tí wọ́n ní kó má wọlé ti di onílé.

Wọ́n wá lọ mú Fred Taylor wá sí Renfrew, tí wọ́n ń pè ní Cyclone nítorí bó ṣe ń sáré bí ìjì. Ọmọ Ontario ni, ó ti gbá họ́kì gbowó ní Houghton, ní Michigan, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Ottawa gba ife ni. Wọ́n fún un ní $5,250. Eré 12 péré ni! Àwọn èèyàn pe ẹgbẹ́ Renfrew ní Millionaires, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára.

Ní ìparí sáà, Renfrew na Ottawa ní 17 sí 2. Wọ́n tilẹ̀ ní Taylor fi ẹ̀yìn sáré lórí yìnyín kó tó jẹ góòlù kan níbẹ̀. Ìlú ń hó, àmọ́ Wanderers ti Montreal ló gbé ife. Renfrew ṣe ipò kẹta. Nígbà tí sáà 1911 parí, ẹgbẹ́ náà túká. Ẹgbẹ́ tó ṣe ìkẹyìn nínú líìgì náà ní 1910, Canadiens, owó O'Brien kan náà ló dá a sílẹ̀; àwọn O'Brien yọwọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn sáà kan. Canadiens ti gba ife Stanley nígbà 24.

Àáké ńkọ́? Taylor lọ sí Vancouver, ó gba ife ní 1915, Ottawa náà ni wọ́n nà. Ní Ottawa àti ní Vancouver, iṣẹ́ ìjọba ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ìmígíréṣọ̀n. Nínú gbogbo wọn, ó jọ pé òun nìkan ló wo ẹnu àáké.

Ẹ má rẹ́rìn-ín O'Brien o. Ní 2017, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù PSG ra Neymar ní mílíọ̀nù 222 yúrò, wọ́n mú Mbappé, nígbà tó yá wọ́n tún mú Messi. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ tán ni wọ́n tó gba Champions League, ní 2025.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo pé kí alága ra ìràwọ̀ wá, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti san owó oṣù àwọn tó wà nílẹ̀.