Àjò Tó Ti Relé Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Ní ìdájí, lórí òkè tó fi nǹkan bíi mítà 4,850 ga ju ojú òkun lọ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Bòlífíà, àwọn jíìpù á tò síbi tí wọ́n ń pè ní Sol de Mañana. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń hó. Ẹrọ̀fọ̀ ń ta pútúpútú, èéfín omi ń tú jáde nínú ihò, òórùn imí-ọjọ́ ń gún nímú, òtútù sì ń mú dé eegun. Àwọn àlejò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jí láago mẹ́rin, wọ́n á wá kọjú sí fóònù. Àwọn kan tilẹ̀ ń fẹ̀yìn rìn kí èéfín náà lè kún inú fọ́tò dáadáa, bẹ́ẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ tó ń hó kò bìkítà iye ẹni tó ń tẹ̀lé wọn lórí Instagram. Kí ara wọn tó yá gágá, ẹnìkan á ti bi awakọ̀ léèrè pé ìgbà wo làwọn máa dé ẹnubodè.

Àjò kì í dùn kónílé má relé. Ẹni tí adùn ìdálẹ̀ fẹ́ mú gbàgbé ilé làwọn àgbà ń bá wí. Wọn ò mọ̀ pé ìran kan ń bọ̀ tí àjò ò ní ráyè dùn mọ́ nínú rárá, tó jẹ́ pé ilé tí wọ́n máa padà sí, àti ohun tí wọ́n máa gbé kalẹ̀ fáwọn ará ilé wò, ló ń tukọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta láti ìlú Uyuni dé ẹnubodè Ṣílè, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ni ẹ̀rí tó dájú jù. Ènìyàn mẹ́fà ló há sínú Land Cruiser kan, awakọ̀ ṣìkeje wọn. Wọ́n ti la pápá iyọ̀ Uyuni kọjá, iyọ̀ funfun báláú tó gba ilẹ̀ tó lé ní 10,000 kìlómítà níbùú lóròó. Wọ́n ti sùn lẹ́bàá adágún Laguna Colorada nínú yàrá tí kò sí ẹ̀rọ amúlégbóná, pẹ̀lú gbogbo aṣọ tó wà nínú àpò lọ́rùn wọn, orí fífọ́ sì ń bá wọn jí. Owó gidi ni wọ́n fi ra ìyà yìí o.

Láti ibi ẹrọ̀fọ̀, ó di ìsun omi gbígbóná Polques. Níbẹ̀ nìkan ni mo ti gbà fún wọn, torí pé ọ̀pọ̀ wọn á gbé fóònù sílẹ̀ kí omi má bàa bà á jẹ́, wọ́n á sì jókòó sínú omi bí ọmọ ènìyàn, wọ́n á máa wo oòrùn tó ń yọ. Ṣùgbọ́n awakọ̀ á fun fèrè, wọ́n á dìde. Aṣálẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ ayàwòrán ará Sípéènì, Salvador Dalí, pè, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń wò ó. Wọ́n á wá dé Laguna Verde, lábẹ́ òkè ayọnáyèéfín Licancabur. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí. Àwọ̀ ewé tí adágún yìí fi lókìkí, afẹ́fẹ́ ló ń fà á: tó bá rú omi náà, èròjà bàbà àti ásẹ́níìkì tó wà nísàlẹ̀ á gbéra, omi á sì yí àwọ̀ padà. Afẹ́fẹ́ òkè yẹn kì í sábà jí ní kùtùkùtù. Àwọn arìnrìn-àjò wa kò lè dúró dè é, torí bọ́ọ̀sì ń retí wọn ní ẹnubodè Hito Cajón. Nítorí náà, wọ́n á ya omi tí kò tíì yí àwọ̀ padà, wọ́n á sì fi fóònù kùn ún láwọ̀ ewé tí wọ́n bá dé hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó dé òde ìnáwó, tó gba ike àti abẹ̀bẹ̀, tó sì gbalé lọ láìkí ọlọ́jọ́, ó sàn díẹ̀ jù wọ́n lọ. Ó kéré tán, ike yẹn kì í ṣe irọ́.

Wọ́n á ní òkè yẹn ló fa ìkánjú àwọn, pé ara ẹni tí kò mọ́ irú ibẹ̀ kò lè pẹ́ níbi tí èémí ti ṣọ̀wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ti ara là ń rò, ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ là bá máa gòkè, torí dídúró ló ń mú kí ara mọ́ òkè. Kì í ṣe kí á gbéra ní Uyuni tí kò tó mítà 3,700, kí á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 4,900 lẹ́yìn oorun alẹ́ méjì péré. Wọ́n á ní ìdájí ni èéfín máa ń hàn jù nínú òtútù. Òótọ́ ni. Ẹ kúkú wá kọjú sí i. Èyí tó lágbára nínú àwíjàre wọn ni pé owó wọn ń bọ́ ará ibẹ̀, n kò sì ní fi ìyẹn ṣẹ̀sín, nítorí ilẹ̀ tí kò ṣeé gbin nǹkan púpọ̀ sí nílò àlejò. Àmọ́ owó ẹni tó ń sáré kọjá kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ará ibẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sùn lálẹ́ méjì ní Quetena Chico á ra oúnjẹ, á sanwó ibùsùn, á tún háyà ẹni tó mọ ọ̀nà. Ẹni tó ń lé bọ́ọ̀sì, eruku ló fi sílẹ̀ fún wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ti awakọ̀. Ní ẹnubodè, àwọn àlejò á wọ bọ́ọ̀sì mìíràn lọ sí San Pedro de Atacama ní Ṣílè, níbi tó fi nǹkan bíi 2,000 mítà rẹlẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Orí fífọ́ á lọ, ìfẹ́ òkè á sì wá dé. Ọkùnrin tó jí ṣáájú wọn, tó ń jẹ ewé kókà kí oorun má bàa gbé e lọ, á yí jíìpù padà sí Uyuni, ìrìn wákàtí púpọ̀ lórí ilẹ̀ olókùúta, torí òun gan-an ni onílé tí òwe ń pè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwùjọ mìíràn ti ń dúró dè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ojú kì í ti ẹni tó tún lè jókòó síbi tó móoru, kó kọ ọ́ síta pé awakọ̀ náà ń sáré jù. Ta ló ní kó sáré? Kí wọ́n sọ fún un pé àwọn fẹ́ dúró ní Laguna Verde títí afẹ́fẹ́ á fi jí. Bọ́ọ̀sì San Pedro tún ń bọ̀ lọ́la.