Táyé Lápá Ọ̀tún, Kẹ́hìndé Lápá Òsì: Àlàyé Lórí Ọkọ̀ Eré-Ìje Ẹlẹ́ńjìnnì Méjì

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn: kí ló yẹ ká ṣe sí ọkọ̀ eré-ìje kékeré, ẹlẹ́ńjìnnì méjì, tí à ń fi rìmóòtù darí, kó tó fojú kan omi? Èsì mi ni pé ká tọ́ ẹ́ńjìnnì méjèèjì bí ẹni tọ́ ìbejì. Ìran Yorùbá wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù lágbàáyé, kò sì sí ìyá ìbejì tí kò mọ̀ pé ohun tí a bá rà fún Táyé la ó rà fún Kẹ́hìndé. Òfin yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó kù dúró lé.

1. Orísun

Lọ́dún 1898, ní Madison Square Garden ní New York, onímọ̀ ẹ̀rọ Nikola Tesla gbé ọkọ̀ kékeré kan sómi, ó sì ń darí rẹ̀ láìso okùn kankan mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé-ẹ̀rí ìhùmọ̀ nọ́ńbà 613,809. Bàálù kò tíì fò nígbà náà. Ẹni tó bá mú rìmóòtù dání létí omi lónìí, iṣẹ́ àgbà ló ń ṣe, kò gbọdọ̀ fi ṣeré lásán.

2. Ìjọra àti ìyàtọ̀

Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ni Táyé, tòsì ni Kẹ́hìndé. Ẹ kọ T àti K sára bátìrì, wáyà, ṣáàfù àti pùròpẹ́là wọn, kí ohun ọ̀kan má bàa bọ́ sọ́wọ́ èkejì.

Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í yí sápá kan náà. Bí Táyé bá ń yí sọ́tùn-ún, Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ máa yí sósì, kí agbára ìyípo ọ̀kan lè pa tèkejì. Bí méjèèjì bá ń yí sápá kan, ọkọ̀ yóò fẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀, yóò sì máa yà kúrò lọ́nà fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì oníbátìrì tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì (brushless) ni mò ń sọ; wáyà mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀. Tí ẹ bá ti gbé méjì èyíkéyìí nínú wọn pààrọ̀ ara wọn, yóò yí sódì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: ṣáàfù tó ń tẹ̀, èyí tí wọ́n fi okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́, ní apá tí wọ́n lọ́ ọ sí. Bó bá ń yí sápá tó ń mú un le, yóò pẹ́. Bó bá ń yí sódì, yóò máa tú títí yóò fi já. Nítorí náà, ṣáàfù Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lọ́ lódì sí ti Táyé, pùròpẹ́là rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi gírísì pa méjèèjì.

3. Oúnjẹ

Ẹ ra bátìrì méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ní irú kan náà, kí ẹ sì máa ṣáàjì wọn pọ̀. Nínú bátìrì lithium-polymer, yàrá kọ̀ọ̀kan a máa kún dé 4.2 fóltì, kò sì yẹ kó lọ sílẹ̀ ju 3 lọ. Ẹ fi mítà wò wọ́n. A kì í fún ìbejì lóúnjẹ kí ọ̀kan yó, kí èkejì máa wojú.

4. Ìdúró

Ẹ to ẹrù sínú ọkọ̀, kí ẹ wá fi ìka méjì gbé e. Ibi tí yóò ti dúró láìtẹ̀ níwájú tàbí lẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 gígùn rẹ̀, tí a bá wọ̀n ọ́n láti ìdí ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá gùn tó 100 sẹ̀ǹtímítà, ẹ wò ó ní 30. Bó bá wúwo jù lẹ́yìn, orí rẹ̀ yóò gbé sókè, afẹ́fẹ́ yóò sì dà á dé. Ẹ ki fóòmù sí àyè tó ṣófo, kó má bàa rì.

Omi a máa gbé ìgbì rédíò 2.4 gígáháàsì mì, nítorí náà kí eríà dúró sókè, kó má ṣe sùn sínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Kí ẹ lè mọ ohun tí ọkọ̀ yóò ṣe bí ìgbì bá já, nílé, ẹ yọ pùròpẹ́là, ẹ tan ohun gbogbo, kí ẹ wá pa rìmóòtù. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá dúró lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ yẹn kò tíì tó gbé jáde.

5. Omi Èkìtì

Ní Èkìtì níbí, a ò ní ọ̀sà bíi ti Èkó. Ohun tó sún mọ́ wa ni omi tí wọ́n sé: Ureje ní Adó-Èkìtì, àti Ero ní Ìkún-Èkìtì. Omi tí aráàlú ń mu ni wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ti ẹ́ńjìnnì oníbátìrì, tí n kò sọ ti oníbẹntiróò tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da epo sínú omi tí ọmọ ọlọ́mọ yóò mu. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ omi náà kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ yín dé ibẹ̀.

6. Àkọ́jáde

Ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí atẹ́gùn tó dé. Ìdajì eré, ìṣẹ́jú méjì, ó tó. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú lójú omi, ẹ tètè pa èkejì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, òbìrípo ni yóò máa yí ọkọ̀ náà, òun gan-an yóò sì jó. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lọ mú ọkọ̀. Okùn ìpẹja tí a so bọ́ọ̀lù kékeré mọ́, tí a jù kọjá rẹ̀, yóò wọ́ ọ wálé.

Bó bá dé èbúté, ẹ fọwọ́ kan Táyé, ẹ fọwọ́ kan Kẹ́hìndé. Ní Ìkògòsì-Èkìtì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn, ẹwà ibẹ̀ sì nìyẹn. Nínú ọkọ̀ yín, bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, àrùn ni: ṣáàfù kan há, tàbí pùròpẹ́là kan tóbi jù. Ẹ wá a rí, kí ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ tó fi ìdajì eré yòókù kún un. Ọkọ̀ tí ìbejì rẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bákan náà lọ́wọ́ yín, ó ti yẹ fún ìje.